Ìbéèrè Tí Bàbá Kò Bi Mí

Àwòrán ilẹ̀ kan ṣì wà lára ògiri yàrá ìsàlẹ̀ ilé wa ní Brandywine, ní Amẹ́ríkà. Àwòrán agbègbè Prince George's ni, irú èyí tí ẹnikẹ́ni lè rà nílé epo, ṣùgbọ́n bàbá àgbà mi ti fi ikọ̀wé pupa àti dúdú fa ogun sí gbogbo ojú rẹ̀. Odò Patuxent ti di odò kan ní Rọ́ṣíà. Òpópónà Crain ti di ọ̀nà tí àwọn ọmọ ogun Jámánì gbà wọlé. Níbi tí ilé wa wà gan-an, ó fa àmì róbótó kékeré kan, ó sì kọ sí abẹ́ rẹ̀ pé: Ọ́fíìsì Ọ̀gá. Ó ti lé lọ́dún kan tí Bàbá ti kú. Mojísọ́lá, ìyàwó mi, ti ṣáájú rẹ̀ lọ. N kò tíì lè ká àwòrán náà kúrò.

N kò fẹ́ kọ ìtàn ayé rẹ̀. Ìwé ètò ìsìnkú ti sọ ibi tí wọ́n bí i sí, ilé ìwé tó lọ, ogun tó jà àti ipò tó dé kó tó fi iṣẹ́ ológun sílẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú ìwé náà. Ìbéèrè kan ni, tí Bàbá máa ń bi gbogbo ènìyàn, tí kò sì bi èmi nígbà tí mo nílò rẹ̀ jù lọ.

"Kí ló kù?"

Ìbéèrè náà nìyẹn. Bí o bá mú ìròyìn burúkú wá bá Bàbá, kì í béèrè ẹni tó ṣe é. Kì í béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Kì í pariwo. Á wò ọ́ lójú, á sì ní, "Kí ló kù?"

Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo dàgbà sí ní Ìbàdàn, nítorí bàbá mi tètè kú. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé adìyẹ sí ẹ̀yìnkùlé, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀gá ológun ìgbà náà ti ṣe. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn ìjì, mo jáde, mo rí i pé afẹ́fẹ́ ti gbé òrùlé lọ, àwọn adìyẹ sì ti kú sínú omi. Mo sá wọlé pẹ̀lú ẹkún.

"Bàbá, gbogbo adìyẹ ti kú!"

Ó ń fá irùngbọ̀n lọ́wọ́. Kò gbé ojú kúrò lára dígí.

"Kí ló kù?"

"Wọ́n ti kú tán, sà."

"Mi ò bi ọ́ ní èyí tó kú. Padà lọ wò ó."

Mo padà lọ. Mo yẹ abẹ́ páànù wò, mo yẹ ẹ̀yìn ògiri wò. Nígbà tí mo wọlé, ẹkún ti dá lójú mi, nítorí ẹni tó ń wá nǹkan kì í ráyè sunkún.

"Àkùkọ kan ló kù, sà. Orí igi ìbẹ́pẹ ló wà."

"Ó dáa," Bàbá ní. "Àwa àti òun la ó jọ tún un bẹ̀rẹ̀."

Kì í ṣe òun ló dá ìbéèrè náà sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé ilẹ̀ wa, wọ́n rán òun àti àwọn ọ̀gá ológun díẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà láti lọ kọ́ṣẹ́ sí i. Níbẹ̀, bàbá arúgbó kan máa ń wá kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, á máa tẹ ọ̀pá bọ̀, eyín irin ló wà níwájú ẹnu rẹ̀. Ọkùnrin náà ti darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá nígbà tí Jámánì gbógun wọ ilẹ̀ wọn. Bàbá kò sọ orúkọ rẹ̀ fún wa rí. Ọ̀gá ló ń pè é, gbogbo wa sì mọ ẹni tó ń wí.

Mo mọ ìtàn Ọ̀gá ju ìtàn bàbá tó bí mi lọ. Ọmọ ẹni tó ń ṣe gàárì ẹṣin ni. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ jù ú sẹ́wọ̀n lórí ẹ̀sùn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lu eyín iwájú rẹ̀ yọ. Nígbà tí Jámánì dé, tí ọ̀gá ológun kò sì tó, wọ́n mú un jáde, wọ́n fún un ní aṣọ tuntun, wọ́n ní kó lọ di odò kan mú. Bàbá fẹ́ràn ibi yìí gan-an. "Láàárọ̀, ẹlẹ́wọ̀n," á ní. "Nírọ̀lẹ́, ọ̀gágun. Aṣọ náà ò tiẹ̀ bá a mu."

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń ba àwọn tó wà lábẹ́ Ọ̀gá. Nígbà yẹn, ẹni tó bá fi ìròyìn burúkú ránṣẹ́ sí olú ìlú wọn lè fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án. Nítorí náà, bó bá fóònù sí àwọn ọmọ ogun tó wà ní apá òsì, wọn á ní, "Ó dára, Ọ̀gá." Bó bá fóònù sí apá ọ̀tún, "Ó dára, Ọ̀gá." Bẹ́ẹ̀ apá òsì ti fọ́nká. Kó tó mọ̀, Jámánì ti yí wọn po. Wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú kékeré kan ránṣẹ́ láti wá gbé e jáde. Ó kó àwọn tó fara gbọgbẹ́ sínú rẹ̀, òun sì fẹsẹ̀ rin inú igbó pẹ̀lú àwọn yòókù. Nígbà tí wọ́n jáde, ó kó wọn jọ sábẹ́ igi kan. Kò béèrè àwọn tó kú. Ó ní, "Kí ló kù?" Ẹnì kan dáhùn pé, "Ìbọn díẹ̀, ìkòkò ọbẹ̀ kan, àti ẹ̀yin." Ibẹ̀ ló ti tún bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n fún un ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun mìíràn, ó sì ṣe òfin kan. Ẹnikẹ́ni tó bá mú ìròyìn burúkú wá, kí wọ́n kọ́kọ́ fún un ní tíì gbígbóná mu, kó lè mọ̀ pé ẹnikẹ́ni ò ní pa á. Pẹ̀lú òfin yẹn ló fi ń sọdá odò kan tẹ̀lé òmíràn títí ó fi wọ ìlú Jámánì. Bàbá gbé òfin náà wá sí Ìbàdàn, nígbà tí ìyá àgbà sì kú tí mo mú Bàbá wá sí Amẹ́ríkà, ó gbé e wá sí Brandywine. Nínú ife onígíláàsì ló máa ń po tíì náà, pẹ̀lú ṣúgà tó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nínú ilé wa, bí Bàbá bá gbé tíì fún ọ láìjẹ́ pé o béèrè, ojú rẹ ti sọ ọ́ kí ẹnu rẹ tó sọ ọ́ nìyẹn.

Ìṣòro ni láti fi ọkọ̀ gbé Bàbá káàkiri. Ibi tí àwọn ẹlòmíràn ti ń rí ilé tuntun àti ilé ìtajà, ibi ìjà ló ń rí níbẹ̀.

"Àkànní, dúró." Oríkì mi nìyẹn.

"Bàbá, a ò lè dúró síbí. Ọkọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn."

"Wo òkè yẹn. Tó bá jẹ́ Ọ̀gá ni, ìbọn ńlá ló máa gbé síbẹ̀."

Mojísọ́lá gbé orí sókè níbi ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀. "Ọkọ mi, ilé ìtajà bàtà ló wà níbẹ̀."

"Á kọ́kọ́ ra bàtà fún àwọn ọmọ ogun, ìyàwó mi."

Bí wọ́n ṣe ń pe ara wọn nìyẹn, ọkọ mi, ìyàwó mi, tí wọ́n á sì máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ bí ẹni pé èmi ni àlejò nínú ilé. Ọlọ́run kò fún wa lọ́mọ. Nínú gbogbo mọ̀lẹ́bí mi, Bàbá nìkan ni kò mẹ́nu bà á rí. Àǹtí Ìyábọ̀, àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó ń gbé ní District Heights, kì í wá kó má gbé òróró àdúrà tàbí àgúnmu kan dání. Ọjọ́ kan ni Bàbá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sórí fíríìjì, ó ní, "Ìyábọ̀, ìyàwó mi kì í ṣe oko. Fi í lọ́rùn sílẹ̀."

Nígbà tí dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ni, Mojísọ́lá ò jẹ́ kí n bá òun sọ fún Bàbá. Ó ní òun ló ni ìròyìn náà. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá a nínú yàrá ìsàlẹ̀, èmi sì dúró lórí àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ ìró ṣíbí nínú ife. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti ọjọ́ tí irun rẹ̀ re tán, nítorí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Ó tú gèlè, ó dúró ṣánṣán, ó fọwọ́ kan iwájú orí bí ológun.

"Ọ̀gá, irun ti lọ!"

"Kí ló kù?"

"Orí kù, sà!"

"Ṣé orí náà ṣì le?"

"Ó le, sà. Ẹ bi Àkànní."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, mo ṣì ń gbọ́ ọ nígbà mìíràn tí mo bá ń fọ abọ́.

Pásítọ̀ wa wá gbàdúrà fún Mojísọ́lá nígbà tí kò lè dìde mọ́. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ní, "Ó ti dára! Mo rí i, ó ti dára!" Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

"Pásítọ̀, ta ló mú ìròyìn yẹn wá fún un yín?"

"Ẹ̀mí ni, Bàbá."

"Ṣé láti apá òsì ni, àbí apá ọ̀tún?"

Pásítọ̀ sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Mojísọ́lá fi ìrọ̀rí bo ojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n, n kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí ìrora. Nígbà tí àlejò lọ tán, Bàbá sọ fún mi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ pé, "Ó dára ni wọ́n ń sọ fún Ọ̀gá títí wọ́n fi yí i po."

Ọ̀sán ni Mojísọ́lá kú, nílé ìwòsàn, nígbà tí mo ṣì ń wá ibi tí mo máa gbé ọkọ̀ sí.

Kí n tó délé, Àǹtí Ìyábọ̀ ti dé ibẹ̀, ó sì ti pinnu. Ẹ̀yin tó ń ka èyí mọ bí a ṣe ń ṣe é. A kì í kàn já ikú ọmọdé lu àgbàlagbà. Ó sọ fún Bàbá pé wọ́n ti gbé Mojísọ́lá lọ sí ilé ìwòsàn tó tóbi jù ní Baltimore. Ó ní kí àwọn tó ń bọ̀ wá bá wa kẹ́dùn gbé ọkọ̀ wọn sí àdúgbò kejì, kí wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wá. Inú gáréèjì la ti gbà wọ́n, a ti ilẹ̀kùn ńlá rẹ̀ pa, a to àga ṣọ́ọ̀ṣì sí àárín àwọn páálí àti ẹ̀rọ tí mo fi ń gé koríko. Àwọn obìnrin ń sunkún, wọ́n ń fi ìborùn dí ẹnu. Mo jókòó sórí páálí kan, mo ń gbọ́ bí àwọn ènìyàn tó dàgbà ṣe ń gbìyànjú láti má ṣe jẹ́ kí ẹkún wọn dún.

"Àǹtí, mo máa sọ fún un."

"Sọ kí ni? Akin, ṣé o fẹ́ pa á ni? Ẹnì kan ti lọ, o tún fẹ́ kí èkejì lọ?"

"Òun ló kọ́ wa pé ìròyìn burúkú ló ń ṣáájú."

"Ó kọ́ wa nígbà tó lágbára. Arúgbó ni báyìí! Bàbá mi ni, kì í ṣe ọ̀gá ológun Rọ́ṣíà."

N kò bá a jà. Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ìtàn Ọ̀gá tí Bàbá kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ, tí mo sì rántí nínú gáréèjì yẹn. Ìyàwó Ọ̀gá kú nílé nígbà òtútù, nígbà tí òun ń lé Jámánì lọ. Àwọn ọmọ abẹ́ rẹ̀ gbọ́, wọ́n sì fi pa mọ́ fún un, nítorí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n sì fẹ́ kó parí ogun. Ní gbogbo ìgbà yẹn, bí ọkọ̀ kan bá ń padà sílé, Ọ̀gá á di ṣúgà àti ìbọ̀sẹ̀ fún ìyàwó rẹ̀. Wọ́n á gbà á, wọ́n á ní, "Yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀." Ìgbà tí ogun parí tán ni wọ́n tó sọ fún un. Ibẹ̀ ni Bàbá máa ń dá ìtàn náà dúró. Á ní, "Wọ́n fún un ní ìṣẹ́gun, wọ́n jí ikú ìyàwó rẹ̀ gbé."

Mo dìde, mo lọ sí yàrá ìsàlẹ̀.

Kì í ṣe nítorí òtítọ́ nìkan ni mo fi ń lọ. Láti ọ̀sán, gbogbo ẹni tó wọlé ló ń sọ pé ẹ kú ará fẹ́ra kù, pé Ọlọ́run ló mọ ìdí. Mo fẹ́ kí Bàbá bi mí ní ìbéèrè rẹ̀. Mo rò pé bó bá ti bi mí, èmi náà á ní láti wá nǹkan, bí mo ṣe wá a lábẹ́ páànù nígbà èwe mi, pé mo sì lè rí ohun kan tó ṣì ń mí lórí igi ìbẹ́pẹ.

Mo kan ilẹ̀kùn, mo wọlé. Tíì ti wà lórí tábìlì nínú ife onígíláàsì, èéfín ń jáde lórí rẹ̀. Bàbá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó dojú kọ títì.

"Jókòó," ó ní. "Mo ti ń rí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn kọjá. Ta ló ń fẹsẹ̀ rìn ní Brandywine? Mu tíì rẹ."

Mo mu ún. Ó gbóná, ó sì dùn jù.

"Bàbá, Mojísọ́lá ti kú."

Ó wò mí. Mo dúró. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ṣí, mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í múra ìdáhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ ohun tí yóò jẹ́. Ó pa ẹnu rẹ̀ dé. Ó wo àwòrán ilẹ̀ lára ògiri, ó wo ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó fi ìka kan ti agolo ṣúgà sọ́dọ̀ mi.

"Fi kún un," ó ní.

Mo fi kún un.

Kò bá wa lọ síbi ìsìnkú. Àgbàlagbà kì í lọ sin ọmọdé, kò sì bá ìyẹn jiyàn. Lẹ́yìn tí gbogbo ènìyàn lọ tán, ó ku àwa méjèèjì nínú ilé. A jọ ń jẹun. A jọ ń wo ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n. N kò dẹ́kun àtidúró de ìbéèrè náà. Mo tilẹ̀ ń gbé ìròyìn burúkú kéékèèké wá fún un, bóyá yóò gbàgbé ara rẹ̀.

"Bàbá, fíríìjì ti kú. Gbogbo ẹran ti bàjẹ́."

"Pe ẹni tó ń tún un ṣe."

"Bàbá, wọ́n ti gbé ipò tí mo ń retí fún ẹlòmíràn níbi iṣẹ́."

"Pẹ̀lẹ́ o."

Pẹ̀lẹ́! Nínú gbogbo ọdún tí mo fi mọ̀ ọ́n, kò kí mi ní pẹ̀lẹ́ rí. Kò sọ ìtàn Ọ̀gá mọ́. Kò fọwọ́ kan àwọn ikọ̀wé rẹ̀ mọ́. Bí a bá gba òkè tí ilé ìtajà bàtà wà kọjá, á dijú.

Bí òtútù ṣe dé ni ara rẹ̀ kọ oúnjẹ. Nọ́ọ̀sì tó ń wá sílé sọ fún mi pé kí n jókòó tì í. Ìrọ̀lẹ́ kan, oòrùn ṣì wà lára ògiri, n kò lè fara dà á mọ́.

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò bi mí?"

Kò béèrè ohun tí mo ń sọ.

"Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sọ ti ìyàwó rẹ̀ fún wa," ó ní. "Nínú kíláàsì ni. Ọ̀dọ́ ni mí, Àkànní. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé mo ti gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ yé. Mo dìde, mo kí i bí ológun, mo ní, 'Ọ̀gá, kí ló kù?'"

"Kí ló sọ?"

"Ó wá a. Ó wo ọwọ́ rẹ̀, ó wo orí tábìlì, ó wo ojú fèrèsé. Arúgbó tó wọ ìlú Jámánì. Ó ń wá a níwájú àwa ọmọ kékeré, ó sì ń pẹ́. Kò rí i. Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde. Wọ́n rán ẹlòmíràn wá kọ́ wa láti ọjọ́ náà."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó fúyẹ́ bí ìwé.

"Mo ti bi ẹnì kan rí," Bàbá ní. "Mi ò lè jókòó kí n máa wo ìwọ náà bí o ṣe ń wá a."

Òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé ló kú. N kò sọ ọ́ fún Àǹtí Ìyábọ̀ lórí fóònù. Mo kàn ní kó máa bọ̀. Mo gbé omi kaná. Mo po tíì sínú ife Bàbá, mo fi ṣúgà sí i, mo gbé e sórí tábìlì yàrá ìsàlẹ̀, níwájú àwòrán ilẹ̀ náà. Ó wọlé, àpò rẹ̀ ṣì wà léjìká, ó rí tíì, ó rí ibùsùn tí mo ti tẹ́. Ọmọ Bàbá ni. Kò dúró kí n sọ̀rọ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí, ó sì bú sẹ́kún, ohùn rẹ̀ gba gbogbo ilé kan. Kò sí gáréèjì tí a fẹ́ sá sí lọ́jọ́ náà.

"Akin! Ìyàwó lọ, Bàbá tún lọ! Kí ló kù fún ọ? Akin, kí ló kù?"

Mo wo ọwọ́ mi. Mo wo orí tábìlì, níbi tí tíì ti ń tutù. Mo wo ara ògiri, odò, ojú ọ̀nà, àmì róbótó kékeré tó yí ilé wa ká. Mo ń wá a. Àǹtí Ìyábọ̀ gbé ojú sókè, ó rí mi, ẹkún rẹ̀ sì dá. Ó wò mí díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí ojú rẹ̀ sí ògiri.